Ǹjẹ́ "nọ́ńbà àkọ́kọ́" bá 65,537 mu?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà dábàá pé "nọ́ńbà àkọ́kọ́" ni ká máa pe irú 7, 13 àti 17, tí nọ́ńbà mìíràn, yàtọ̀ sí ẹyọ kan, kò lè pín láìṣẹ́kù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Bí a bá pe "àkọ́kọ́" ní Ifẹ̀ níbí, ohun tó ṣíwájú la gbọ́. Kí wá ni 65,537, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ṣíwájú?

Ẹ wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 65,536: ọ̀kẹ́ mẹ́ta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó lé mẹ́rìndínlógójì. Kò jìnnà sí wa rárá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Bí babaláwo bá dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà tí odù méjèèjì lè gbà tẹ̀léra jẹ́ 256 lọ́nà 256, ìyẹn 65,536 gééré. Ẹ pín in sí méjì, ẹ tún pín ìdajì sí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún lẹ ó pín in kó tó ku ẹyọ kan, ohunkóhun kò sì ní ṣẹ́kù lójú ọ̀nà.

Ẹ wá fi ẹyọ kan lé e: kò pín mọ́! Bẹ́ẹ̀ náà ni 16 ṣe di 17, tí 256 di 257. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ títí, àfi ìgbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, fi hàn ní 1732 pé 641 pín èyí tó tẹ̀lé e, 4,294,967,297, ìyẹn 65,536 lọ́nà 65,536, ó lé ẹyọ kan. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò tíì rí òmíràn tí kò pín nínú ìdílé yìí lẹ́yìn 65,537.

Àwọn kan ní ká pe irú nọ́ńbà tí kò pín bẹ́ẹ̀ ní "aláìṣeépín". Ọmọ ilé-ìwé yóò ní náírà méje ṣe é pín fún ẹni méjì: náírà mẹ́ta àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Òótọ́ ló sọ. Èmi dábàá "apín" fún nọ́ńbà tó bá pín òmíràn láìṣẹ́kù. Ẹyọ kan ń pín gbogbo nọ́ńbà, gbogbo nọ́ńbà sì ń pín ara rẹ̀, nítorí náà ìyẹn ò sọ nọ́ńbà kankan di "alápín". Èyí tó bá ní apín mìíràn ni alápín, bíi 65,536. Èyí tí kò ní, bíi 65,537, ni "aláìlápín", bí a ti ń sọ pé aláìlẹ́gbẹ́. Ọ̀kan fúnra rẹ̀ la yọ sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ro gbogbo apín 65,536 pọ̀, láti orí 1 dé 32,768, ẹ yọ òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀: 65,535 ni yóò jẹ́. 6 ní tirẹ̀ pé pérépéré, 1 àti 2 àti 3, "nọ́ńbà pípé" sì yẹ ẹ́. Fún èyí tó fi ẹyọ kan dín, mo dábàá "ọ̀kàndín". Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n nínú ọ̀kàndínlógún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dán àwọn ọmọ kíláàsì yín wò, kí ẹ sì jẹ́ ká gbọ́.