Kìlómítà márùn-ún lábẹ́ ìṣẹ́jú 35: ẹ̀yin ọmọ Okun tó ń sáré, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsánlú, Leeds

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ físà, ilé àyágbé àti owó fífi ránṣẹ́ sílé ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń sọ lórí ìkànnì àwa ọmọ Okun yìí, àmọ́ mo ti rí fọ́tò àwọn kan nínú yín tí wọ́n gbé mẹ́dàlì kọ́rùn, ìyẹn ló kì mí láyà.

Ìgbà ooru ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ètò Couch to 5K tí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, gbé jáde ni mo tẹ̀ lé: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èèyàn á rìn díẹ̀, á sáré díẹ̀, títí ara á fi gbà á láti sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsinmi. Mo parí rẹ̀, mo dúpẹ́. Ní báyìí mo máa ń lọ sí parkrun, eré kìlómítà márùn-ún tí àwọn èèyàn máa ń jọ sá, ní Woodhouse Moor láàárọ̀ Sátidé. Ohun tí aago mi kọ sílẹ̀ ní Sátidé tó kọjá nìyí, kìlómítà kan tẹ̀ lé òmíràn: 6:20, 7:10, 7:50, 8:20, 8:10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37:50.

Mo fẹ́ kí ó wọ abẹ́ 35. Mo tún ń gbèrò láti sá kìlómítà mẹ́wàá ní oṣù Kẹta. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù, nítorí náà n kò lè sáré lójoojúmọ́. Màá wálé ní Kérésì pẹ̀lú. Kí ni kí n máa ṣe?

Ará Kabba, Atlanta

Okun, àbúrò. O ṣe dáadáa tí o to àkókò kìlómítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Kìlómítà àkọ́kọ́ 6:20, ìkẹrin 8:20. Ìṣẹ́jú méjì gbáko ló wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ ló yá jù. Tí o bá pín 37:50 sọ́nà márùn-ún ọgbọọgba, 7:34 ló máa kan kìlómítà kọ̀ọ̀kan. O ti ná agbára kìlómítà ìkẹta àti ìkẹrin tán kí o tó dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń gún iyán nílé ni. Ẹni tó bá gbé ọmọ odó tó sì ń fi gbogbo agbára jà á mọ́ iṣu lójú ẹsẹ̀, iṣu á ta síta. A kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ kí ó gba ara rẹ̀ mọ́ra ni, kí a tó wá máa gún un kíkankíkan.

Ní Sátidé tó o bá tún fẹ́ sáré tọkàntọkàn, má jẹ́ kí kìlómítà àkọ́kọ́ yá ju 7:10 lọ. Wọ́n á máa kọjá lára rẹ, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Di 7:12 mú ní ìkejì àti ìkẹta. Tí èémí bá ṣì wà ní ìkẹrin, ìgbà yẹn ni kí o fi kún un. Ẹni tó bá sáré 7:12 lọ́nà márùn-ún ti dé 36 géérégé. Kọ́kọ́ gba 36 ná, 35 á tẹ̀ lé e.

Ní ti ìgbáradì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọjọ́ kan, rọra sáré fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní kí o rọra o: tí o bá lè ki oríkì ilé yín sókè láì mí hẹlẹ, ìyẹn ló tọ́. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí o bá ti rọra sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sáré kíkan fún ìṣẹ́jú kan, kí o rìn fún méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí ó bá ti mọ́ ọ lára, sọ ìṣẹ́jú kan yẹn di mẹ́ta, kí o sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Ọjọ́ kẹta, sáré tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí o fi máa dé kìlómítà mẹ́jọ. Kì í ṣe gbogbo Sátidé ni kí o máa bá aago jà. Ní àwọn Sátidé mìíràn, bá ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ lọ.

Níbí lọ́dọ̀ wa, a máa ń sá Peachtree ní 4 oṣù Keje, kìlómítà mẹ́wàá. Ojú ọ̀nà máa ń dà wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì máa sáré kíkan lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí a ṣe ìdajì, òkè kan tí wọ́n ń pè ní Cardiac Hill á dìde níwájú ilé ìwòsàn Piedmont. Ibẹ̀ ni o ti máa rí àwọn tó fò kọjá lára rẹ láàárọ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n fọwọ́ mú ìbàdí.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà sí Calgary

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òtútù kún un, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ wa wọlé láti oṣù Kọkànlá. Ti Calgary le, ti Leeds kò tó bẹ́ẹ̀. Òjò àti òkùnkùn ni tiyín. Ó yẹ kí òtútù mú ọ díẹ̀ nígbà tí o bá ṣílẹ̀kùn. Tí ara bá ti gbóná nínú ilé kí o tó jáde, aṣọ yẹn ti pọ̀ jù, o máa bọ́ ọ sọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Má wọ aṣọ òwú sábẹ́. Ó máa ń mu òógùn, á sì tutù mọ́ ọ lára. Ìbọ̀wọ́ àti fìlà ṣe pàtàkì ju jákẹ́ẹ̀tì ńlá lọ. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ ní Leeds kí aago mẹ́rin tó lù, nítorí náà ra ẹ̀wù tó ń dán tí iná mọ́tò bá kàn án. Ọlọ́kọ̀ kò ní rí àwọ̀ wa nínú aṣọ dúdú.

Òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé, má fi gbogbo rẹ̀ sórí irun. Fi pa ìtan níbi tí méjèèjì ti ń ha ara wọn, abẹ́ kọ́mú, abíyá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nínú òtútù, ó máa ń dì mọ́ inú ike: ha díẹ̀ jáde pẹ̀lú èékánná, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i títí yóò fi yọ́, kí o tó fi pa ara. Mo ti ra èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn eléré, òrí wa dára jù ú lọ.

Bàtà ńkọ́? Ọ̀sán ni kí o lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú. Kí ìwọ̀n àtàǹpàkò kan kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Láàárín kìlómítà 500 sí 800, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kú, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń dán. Tí ojúgun bá ń ro ọ́ káàkiri, dín eré kù fún ìgbà díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn ọ́, tí ó sì ń dùn kódà bí o bá jókòó tàbí lálẹ́, dúró pátápátá, lọ rí dókítà. Egungun lè ti là níbẹ̀.

Ọmọ Ogidi, Glasgow

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo dé. Èló ni wọ́n ń gbà ní parkrun yìí, ṣé wọ́n sì máa ń lé ẹni tó bá pẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ìyàrà, Birmingham

Wọn kì í gba kọ́bọ̀, àbúrò. Láti 2004 tí èèyàn 13 ti kọ́kọ́ sá a ní Bushy Park ní London, ọ̀fẹ́ ni. Forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o mú barcode tí wọ́n bá fún ọ dání. Láìsí i, o lè sáré, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ kò ní jáde nínú èsì. Aago mẹ́sàn-án ni tiwa ní England, mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni tiyín ní Scotland. Wọn kò sì ń lé ẹnikẹ́ni: ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rìn gbẹ́yìn, kí ẹlòmíràn má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Lọ, o máa rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń gùn.

Ọmọ Ìsánlú, ọ̀rọ̀ rẹ ló gbé mi wọlé. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ, o kò ní láti dáhùn wọn ní gbangba.

Ṣé o mọ genotype rẹ? Ẹni tó bá jẹ́ AS lè sáré, ó sì lè dáa níbẹ̀. Àmọ́ kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má fi agídí sáré nínú ooru ńlá. Tí iṣan bá ṣàdédé rẹ̀ ẹ́ tàbí tó ń dùn ún láàárín eré kíkan, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé AS ni òun. Bí nǹkan oṣù rẹ bá máa ń pọ̀, tí ó sì ń rẹ̀ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, sọ fún dókítà rẹ kí wọ́n yẹ iron inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Mo ti rí àwọn obìnrin tó ń pààrọ̀ bàtà àti ìgbáradì nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wúlò, ṣùgbọ́n má fi tíì lé wọn lójú ẹsẹ̀, tíì kì í jẹ́ kí ara gba iron inú oúnjẹ dáadáa.

Ìkẹta ni oorun. Má ṣe ọjọ́ eré kíkan ní àárọ̀ tí o bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Sùn ná. Iyán ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kò burú, kí ó má kàn pẹ́ jù. Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti búrẹ́dì díẹ̀ ní nǹkan bí aago méje ti tó.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ kò ní rí ìjà ara o. Ẹ̀gbọ́n Kabba, mo ti ń rọra sáré bí ẹ ṣe wí, nǹkan bíi 8:45 sí kìlómítà kan. Ó rọrùn débi pé mo ń rò ó bóyá ó ń ṣe nǹkan kan rárá. Àwọn tó ń mú ajá rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lára mi.

Ará Kabba, Atlanta

Ó ń ṣe é. Ọkàn ń kọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì ń pọ̀ sí i nínú iṣan. Èémí tètè máa ń mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so mọ́ ọn kì í tètè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń fi ìrọ̀rùn èémí ṣe òṣùwọ̀n, tó wá ń sáré kíkan lójoojúmọ́, ojúgun ló máa kọ́kọ́ ké. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. O máa rí i pé 8:45 yìí á ti di 8:20, èémí rẹ kò sì ní yàtọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ó ti padà sílé, Kabba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo gbé ní Manchester tẹ́lẹ̀, Kabba ni mo wà báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kérésì.

Àbúrò, jáde ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, kí o ti wọlé kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Ọyẹ́ máa ń mú lọ́wọ́ ní àárọ̀ lákòókò yẹn, ó sì dùn ún sáré, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń gbẹ ọ̀fun, nítorí náà mu omi kí o tó jáde. Tí eruku bá bo òkè tí o kò rí i mọ́, rìn ní ọjọ́ yẹn, má sáré. Tí oòrùn bá ti yọ, gbàgbé aago. Ara tó wá láti inú òtútù Leeds nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ooru tó mọ́ ọn lára, àkókò rẹ á sì falẹ̀. Kì í ṣe pé o ti pàdánù ohun tí o kó jọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbà gbọ́ lẹ́nu mi jù lọ: àárín ìlú tàbí pápá ilé-ìwé ni kí o ti sáré. Má gba ojú ọ̀nà oko, má sì gba títì tó jáde kúrò nílùú, bó ti wù kí ó dákẹ́ tó. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lójú ọ̀nà wa lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Mú ẹnì kan dání, sọ ọ̀nà tí o máa gbà fún àwọn ará ilé, kí o sì máa yí i padà. Lórí pápá, o lè ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn láìsí ìyọnu. Àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé ọ, àwọn àgbà á béèrè ohun tó ń lé ọ. Kí wọn, dá wọn lóhùn, kí o máa lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ìdíje kìlómítà mẹ́wàá nítòsí ilé, Okpekpe wà ní Ẹdó, láti 2013 ni wọ́n ti ń sá a. Ọ̀nà rẹ̀ kún fún òkè. Ẹni tó dàgbà sáàárín òkè bíi tiwa kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds

Okun o. Mo mú èsì wá. 7:10, 7:12, 7:14, 7:09, 6:56. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 35:41! Lẹ́yìn kìlómítà ìkẹta, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára àwọn èèyàn, n kò mọ adùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. 35 ṣì wà níwájú, a máa pàdé. Òrí náà ṣiṣẹ́, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà.

Ìbéèrè kan ló kù. Fọ́ọ̀mù kìlómítà mẹ́wàá ti oṣù Kẹta ń béèrè àkókò tí mo rò pé màá fi parí. N kò sá mẹ́wàá rí. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ará Kabba, Atlanta

Ó káre, ọmọ Ìsánlú! Wo 6:56 yẹn ní ìparí.

Má kàn sọ 35:41 di ìlọ́po méjì, ìyẹn á pọ́n ọ lójú. Ohun tí àwọn eléré máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi 2.08 tàbí 2.09 sọ ọ́ di púpọ̀. Tìrẹ á sún mọ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Kọ 1:15. Òun ni wọ́n máa fi pinnu ẹgbẹ́ tí wọ́n máa tò ọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá kọ èyí tó yá jù, àárín àwọn tó ń sáré kíkan ni wọ́n máa fi ọ́ sí, wọ́n á sì tún fà ọ́ sínú 6:20 tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí chip, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára nọ́ńbà tí o máa lẹ̀ máyà, bá kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò tìrẹ, nítorí náà bí ẹ tilẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó pe ẹgbẹ́ yín, kò sí ohun tí o pàdánù. Mú aṣọ àtijọ́ kan dání tí o máa wọ̀ dúró nínú òtútù, kí o bọ́ ọ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti pè yín.