Àbúrò mi pa oògùn PrEP tì, kò sì rí oorun sùn: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi kò balẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin pé ọmọ ọdún 22. Ìbàdàn ló ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ fi ọdún 11 jù ú lọ, ọkọ̀ ńlá ló ń wà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, kì í sì í gbà láti lo kọ́ńdọ̀mù. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ní kò ní HIV, wọ́n sì fún un ní PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà ń lò lójoojúmọ́ kó má baà kó o. Inú mi dùn gan-an nígbà tó sọ fún mi.

Lóṣù tó kọjá ni ọkùnrin náà rí ike oògùn nínú báàgì rẹ̀. Ó ní oògùn àwọn tó ní Éèdì ni, ó sì pariwo débi pé gbogbo ará ilé gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi kì í jẹun dáadáa, kì í sùn, orí máṣíìnì ló ti ń sunkún. Mo débẹ̀ ní Sátidé, mo ka oògùn inú ike, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti lò ó gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ bú u. Ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ń tọ́jú ara mi fún?"

Níbi tó ti ń gba oògùn, iye tó kù nínú ike nìkan ni wọ́n ń bi í. Màmá wa ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Èmi ń ro ilé ìwòsàn ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé ó ti ya wèrè. Ṣé oògùn yẹn ni kí n kọ́kọ́ mójú tó, àbí ọkàn rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má bú u o. Ṣé ọkùnrin yẹn ń lù ú? Bi í nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì. Kó o sì se ohun tó fẹ́ràn, kó o jókòó tì í títí tó fi máa jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Ẹ má fi ọ̀kan ṣáájú èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tí ayé ti sú kì í rántí oògùn ọ̀la. A máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì wọn pé wọn kò lo oògùn bó ṣe yẹ, ó sì máa ń dùn mí, torí a kì í béèrè ohun tó fà á. Níbi tí mo wà báyìí, yàrá kan náà la ti ń ṣe méjèèjì. Kí n tó ka oògùn, mo máa béèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, bóyá nǹkan ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ìkẹsàn-án ni bóyá ó ti ń ṣe é bíi kó kú. Ẹ bi í ní tààrà. Bíbéèrè kọ́ ló ń fi èrò náà síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti oògùn, kó má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí òun àti ọkùnrin náà bá ti jọ sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, tí kò sì tíì ju wákàtí 72 lọ, PEP wà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn irú ewu bẹ́ẹ̀ kéèyàn má baà kó HIV, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ẹ sáré. Tó bá padà sórí PrEP, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 7 tó ti ń lò ó léraléra kó tó gbára lé e.

Arẹwà Òṣogbo: Èmi náà lo PrEP. Mo bó ìwé ara ike kúrò, mo fi òwú há a kó má baà máa dún ṣẹkẹṣẹkẹ nínú báàgì. Síbẹ̀ mo pa á tì. Obìnrin kan ní kílíníìkì ló bi mí pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́?" Mi ò rí nǹkan sọ, ẹkún ló gbà mí. Ó kó àwa márùn-ún jọ, ọjọ́ tá a bá wá gba oògùn la máa ń jókòó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló mú mi padà.

Bàbá Èkìtì: Ẹ gbé e tọ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run lọ. Ilé wèrè kò yẹ ọmọ téèyàn fẹ́ fà fọ́kọ.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìsoríkọ́ kì í ṣe wèrè, ẹni tí kò jẹun kọ́ sì ni à ń gbé lọ gbààwẹ̀. Nílé ìwòsàn ọpọlọ Aro níbí, ní 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Gbígbé èèyàn lọ síbẹ̀ kò ní kẹ́ ẹ já a kúrò lára ẹbí.

Tíṣà Ìkirè: Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí kílíníìkì, kí wọ́n máa gbọ́ tẹni tó ń ronú jù. Láti 2006 ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ló ní HIV. Ìyá Ìbejì, irú yín ni wọ́n.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń dènà HIV ti wà?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Ó wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba lenacapavir. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, kò sí ẹnì kan tó kó HIV nínú àwọn obìnrin 2,134 tó gbà á. Ẹ béèrè bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, yóò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rù ike. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè bá a jókòó lálẹ́.

Ẹni tó béèrè: Mo bi í ní ìkẹsàn-án yẹn láàárọ̀ yìí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní bẹ́ẹ̀ ni. A ti wà nílé ìwòsàn báyìí, ó di ọwọ́ mi mú. Ṣé kí n bá a wọlé tí wọ́n bá pè é, àbí kí n dúró síta?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe.