Ṣóńṣó pion aláìlágbára-iná kò hàn nínú ìkọlura Pb–Pb (òjé pẹ̀lú òjé)

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Pion aláìlágbára-iná (π⁰, tí kò ní charge) máa ń pín sí photon (hóró ìmọ́lẹ̀) méjì. Mo so photon inú PHOS (ẹ̀rọ kírísítà tó ń wọn photon ní ALICE, CERN) pọ̀ ní méjì-méjì láti ṣírò ìwọ̀n pion tó bí wọn, àmọ́ pàǹtí (àwọn méjì-méjì tí kò bá ara wọn tan) bo ṣóńṣó 135 MeV, ìwọ̀n pion náà, mọ́lẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

Ará Mọ́remí: Àbúrò, mú photon kan nínú ìkọlura kan, èkejì nínú òmíràn tí centrality (bí wọ́n ṣe forí kọlura tó) àti vertex (ojú ibi ìkọlura) wọn jọra. Wọn kò lè jẹ́ ọmọ pion kan náà, pàǹtí nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Mú un dọ́gba pẹ̀lú dátà rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó, kí o tó yọ ọ́ kúrò.

Ará Ẹnúwá: Ó péye. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra bí agbára pion bá pọ̀! Igun tó kéré jù láàárín photon méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 2m/E (m ni ìwọ̀n pion, E ni agbára rẹ̀). Ní mítà 4.6, níbi tí PHOS wà sí ojú ìkọlura, pion 10 GeV á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 yà wọ́n. Ti 50 GeV, 2.5 péré, kírísítà PHOS sì fẹ̀ tó 2.2. Wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wàá sì kà wọ́n sí photon kan ṣoṣo.