Àwíjàre ni, kì í ṣe ìdáláre: lórí owó ọkọ̀ òfuurufú àwọn mínísítà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Àbá tí Alàgbà wa ní Ṣàgámù mú wá, pé kí á máa pe àlàyé tí ìjọba ń ṣe lórí owó ìlú tí àwọn mínísítà fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi iṣẹ́ ọba ní “ìdáláre ìnáwó”, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, n kò sì lè dákẹ́ títí tí yóò fi wọnú ìwé ìròyìn.

Inú “dá” tí ó wà nínú “ìdáláre” ni ìjà wà. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ a máa wí tẹnu rẹ̀, adájọ́ ni ó máa ń dá a láre tàbí kí ó dá a lẹ́bi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó wá dá ẹjọ́ ara rẹ̀ ńkọ́? Bí a bá fi “ìdáláre” sẹ́nu iléeṣẹ́ mínísítà, a ti sọ olùjẹ́jọ́ di adájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí ó lọ. Ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni àwíjàre.

Alàgbà tọ́ka sí Lúùkù 10:29, wọ́n ní amòfin náà fẹ́ dá ara rẹ̀ láre, nítorí náà ènìyàn lè ṣe é fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tún ibẹ̀ kà: ó fẹ́ ni, a kò sọ pé ó rí i ṣe. Ní orí 18 ìwé kan náà, agbowó òde tí kò wí àwíjàre kankan ni ó lọ sílé ní ìdáláre. Farisí tí ó to iṣẹ́ rere ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kò rí i gbà.

N kò sọ pé kí mínísítà máa fi mọ́tò rìn láti Àbújá wá sí Ìjẹ̀bú, ọ̀nà tí ó ju 500 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó ní ìpàdé ní Àbújá láàárọ̀, tí ó tún gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ọ̀nà wò lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, àwíjàre rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn èrò tí ó kó lẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fúnra wọn pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá mínísítà rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ ju 4 lọ, ti olórí àjọ ìjọba kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n tún dá ìrìnàjò òkèèrè tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ dúró fún oṣù 3. Ìjọba tí a ti dá láre kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ibi tí “dá” wà ni abala 85 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, tí ó ní kí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà yẹ ìwé owó ìjọba wò, kí ó sì kọ ìwé àbọ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn aṣòfin ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilédì Òṣùgbó, ilé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ńlá láyé àwọn bàbá wa, bàbá àgbà tí ó tọ́ mi, tí kò mọ̀wé, kì í sì í gbà kí ọmọ kankan sọ pé “mo jàre” kí àgbà tó sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan ní àwíjàre dún bí àwáwí. Kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí àre nínú àwáwí.

Àbá tèmi ni “àwíjàre ìnáwó”, kí orúkọ iṣẹ́ tí mínísítà lọ ṣe, iye ẹni tí ó bá a lọ àti iye owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà nínú rẹ̀. Bí Alàgbà bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní “dá” nínú, mo ń retí rẹ̀.