Gíga iná, asòjékalẹ̀, àti orúkọ tí kò yẹ ká fún ẹ̀rọ ìpẹja

Ẹ̀yin ará mi,

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ ìpẹja ti ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀. Ohun méjì ló béèrè. Èkíní ni ẹ̀rọ tí àwọn apẹja etí òkun Pàsífíìkì, ní British Columbia ti Kánádà, àti ìpínlẹ̀ Washington àti Alaska ti Amẹ́ríkà, fi ń sọ òjé wíwúwo kalẹ̀ sínú omi nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń rìn jẹ́jẹ́, tí ìwọ̀ àti ìjẹ ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn nítorí ẹja salmon; «downrigger» ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni àpótí kékeré tí wọ́n so mọ́ wáyà ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n fi ń pinnu iye fólítì tó máa wà lára wáyà náà nínú omi. Orúkọ mẹ́ta ló jáde fún àpótí yìí: «àpótí dúdú», «apèja» àti «òjìjí ọkọ̀». Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, torí pé ọ̀kan nínú wọn lè ṣe èèyàn léṣe.

Àpótí dúdú ò gba àlàyé púpọ̀. Òótọ́ ni pé ohun tí àwọn apẹja náà ń pè é lédè tiwọn nìyẹn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ àpótí dúdú lédè wa, ọkàn rẹ̀ á lọ síbi ọkọ̀ òfúrufú tó já.

Apèja dùn lẹ́nu. Àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n mú un wá ṣe ni pé ẹ̀rọ yìí ń pe ẹja, «a-pe-ẹja». Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é wò kíákíá. «Pe ẹja» kì í di «pèja» lẹ́nu wa. «Pẹja» ló ń dà, gẹ́gẹ́ bí «pa ẹja» ṣe ń di «pẹja». Ẹ̀rọ náà á wá ń jẹ́ apẹja, orúkọ ẹni tó dì í mú. Ẹni tó bá ní apèja ni òun á máa kọ, àmì orí «e» àti àìsí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbójú lé, ẹ sì mọ bí àwọn àmì wa ṣe máa ń dàwátì lórí fóònù.

Ibi tó wá ká mi lára ni pé orúkọ yẹn ti dá ẹjọ́ tí kò tíì parí. Àwọn tó ń lò ó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé bí wáyà bá wà láàrin 0.5 sí 0.7 fólítì, ẹja á máa sún mọ́ ọn, bó bá kúrò níbẹ̀, ẹja á sá. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, mi ò lè fojú di wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹja ṣáàkì ló ní ihò wẹ́wẹ́ nímú tó fi ń gbọ́ iná tí kò tó nǹkan nínú omi. Salmon ò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá àwọn apẹja jiyàn lórí rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo asọ̀rọ̀mágbèsì: ohun tí rédíò ń ṣe gan-an ló sọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ẹ̀rọ amúnáwá náà ń múná wá lóòótọ́. Ayárabíàṣá ní tirẹ̀, oríkì ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń sọ pé kọ̀ǹpútà.

Òjìjí ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹja òjìjí ń ṣe fún ọwọ́ tó bá kàn án. Iná ara rẹ̀ lè tó 350 fólítì. Bí a bá pe àpótí yìí ní òjìjí ọkọ̀, ohun tí òǹkàwé á rò ni pé ńṣe ló ń fi iná gbá ẹja. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Fífi iná mú ẹja wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì ni wọ́n fi ń ṣe é, òfin sì dè é ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tí à ń sọ yìí ò pé fólítì kan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí orúkọ tí a sọ ẹ̀rọ lọ ki wáyà iná ilé bọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ dúró sínú omi iyọ̀. Wọ́n pa gbogbo ohun tó ń lo iná. Wọ́n sọ òjé kalẹ̀ lórí wáyà irin tí kì í dípẹtà, àgbá ike ni wáyà náà wé mọ́, kò kan ara ọkọ̀. Apẹja mú mítà tó ń ka fólítì, ó fi ẹsẹ̀ dúdú mítà náà kan ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, ó fi ẹsẹ̀ pupa mítà kan wáyà. Kò sẹ́ni tó so wáyà mọ́ bátìrì, síbẹ̀ mítà kà, ó sì lè sún mọ́ fólítì kan. Ibo niná ti wá? Síǹkì tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti ìdí ọkọ̀, irin ti wáyà, omi iyọ̀ láàrin wọn: irin oríṣi méjì tí omi iyọ̀ bá so pọ̀, iná á wà láàrin wọn. Ohun tí Alessandro Volta, ará Ítálì, fi han ayé lọ́dún 1800 náà nìyẹn, nígbà tó to síǹkì àti fàdákà léra pẹ̀lú aṣọ tí omi iyọ̀ rin láàrin wọn. Ara orúkọ rẹ̀ la ti rí fólítì, ẹ má ṣe jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún un. Ọkọ̀ ti ní iná tirẹ̀ kí àpótí tó dé. Iṣẹ́ àpótí ni pé kó mú iye yẹn wá síbi tí apẹja fẹ́, kó má sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku orúkọ ohun tí fólítì ń wọ̀n, torí a ò lè sọ iṣẹ́ àpótí náà láìsí i. Ẹni kan ní «agbára iná». Agbára ti níṣẹ́ púpọ̀ jù: òun là ń lò fún wáàtì, òun la tún ń lò fún iná tó ń wọlé. Bátìrì fólítì 12 ò lè gbá ọwọ́ gbígbẹ, àmọ́ bí sípánà bá ṣèèṣì dábùú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, sípánà náà á pọ́n. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn pẹ̀lú «agbára» nìkan? Ẹlòmíràn ní «ìtì iná», látara tì, pé fólítì ló ń ti iná lọ. Ìrònú rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n etí kọ̀ ọ́. Ìtì igi la mọ̀, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ la mọ̀. Ìtì iná á dà bí igi ńlá tó ń jó.

Mo ní kí a fetí sí àwọn tó ń tún iná ṣe. Wọ́n ń sọ pé «iná yìí ga jù», «iná ti wálẹ̀». Fólítì ni wọ́n ń sọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu wọn kí àwa tó jókòó ti ìwé. Nítorí náà, gíga iná. Omi inú ọpọ́n tó wà lókè fẹ́ ṣàn wálẹ̀ kódà bí a bá dí ẹnu rẹ̀. Ibi tó ga dé ni gíga iná, èyí tó ń ṣàn tí a bá ṣí i ni ìṣàn iná. Àbúrò, àpótí yẹn á wá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣètò gíga iná. Mo yẹra fún «ìṣàkóso», ọ̀rọ̀ ìjọba ni lẹ́nu mi.

Ní ti ẹ̀rọ ńlá, ẹni tó ní «amúwọ̀rì» gbìyànjú. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ «rì» nínú ọkọ̀? Yàtọ̀ síyẹn, ìwọ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń gbé. Òjé tó tó kílò 4 sí 7 ló ń sọ̀ kalẹ̀. Okùn ìwọ̀ wà lọ́tọ̀, wọ́n kàn fi nǹkan kékeré há a mọ́ wáyà lókè òjé ni. Bí ẹja bá gbé ìjẹ, okùn á já kúrò níbẹ̀, apẹja á wá bá ẹja wọ̀yá ìjà láìsí òjé níbẹ̀. Asòjékalẹ̀ ni mo pè é. Ẹ má sì kọ «okùn» níbi tí ìwé náà bá ti ń sọ nípa wáyà. Àwọn apẹja kan ti ń fi okùn oníhíhun tí kì í ṣe irin rọ́pò wáyà, iná ò sì lè gba ara ìyẹn kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ gíga iná á di òfo níbẹ̀.

Síǹkì ara ọkọ̀ ńkọ́, èyí tí ẹnì kan pè ní «síǹkì ẹbọ»? Omi ń jẹ ẹ́ kó má baà jẹ irin tó kù. Kò sí ẹni tí a ń rú u sí. Síǹkì akúdípò tó o.

Mo fi gbólóhùn kan dán an wò: «Kí ẹ tó ṣètò gíga iná, ẹ fi asòjékalẹ̀ sọ òjé sínú omi iyọ̀, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ọkọ̀, kí ẹ wá wọn gíga iná ara wáyà.» Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kò kọ́ mi lẹ́nu.

Èyí tí mi ò tíì rí ni orúkọ nǹkan kékeré tó há okùn ìwọ̀ mọ́ wáyà. Ẹ̀mú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mú kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá dì mú, tiwa yìí sì gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ okùn nígbà tí ẹja bá fà á. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìdílé alágbẹ̀dẹ tàbí ìdílé apẹja, kí lẹ ń pe ohun tó ń dì mú tó sì ń tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀?