Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí ẹnu ọ̀bẹ Scandi mi kò fi ní máa ṣẹ́ lórí igi apá?

Ẹ̀yin ọ̀gá agbẹ́gilére, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà. Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ ni mo fi kọ́ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ọ̀bẹ Mora kan, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Sweden. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà gẹ̀rẹ́ láti nǹkan bí àárín títí dé ẹnu; irú ẹnu ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Scandi. Lórí igi ọmọ̀ àti ìrè, àfi bíi pé ọṣẹ ni mò ń gé!

Igi apá ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ náà ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́ yẹn ni kí n tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí n má gbé e sókè rárá, títí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi yọ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n òkúta mi ti jìn láàárín, ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ wá ń rí roboto.

Báwo ni mo ṣe lè mú òkúta náà tẹ́jú padà? Ṣé kí n gbé ọ̀bẹ sókè díẹ̀ níparí, kí ẹnu rẹ̀ lè nípọn fún apá, àbí ìyẹn máa bà á jẹ́ fún igi rírọ̀? Irin tó ń dípẹtà ni o. Ṣé àdí ni kí n máa fi pa á ni àbí òrí?

Ẹ dákun, ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ti gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ gbé iṣẹ́ játijàti jáde níbí.