Àbájáde: ọ̀nà tí àwọn ọmọ fi ń dá ìmọ̀lára inú ìtàn mọ̀

Mo béèrè lọ́wọ́ yín bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe lè mọ ìmọ̀lára tí ìtàn gbé wá, torí "ó dùn" àbí "kò dùn" nìkan ni wọ́n ń dáhùn. Ẹ ṣeun gan-an fún ìmọ̀ràn yín.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú gbólóhùn. Mo kọ́kọ́ kà á pé: "Ilẹ̀kùn ṣí, atẹ́gùn tútù fẹ́ wọlé." Mo wá tún un kà: "Ilẹ̀kùn dún kííì, òtútù yọ́ wọlé." Kíláàsì pa lọ́lọ́! Àwọn fúnra wọn ló tọ́ka sí "yọ́", wọ́n ní olè ló ń yọ́ rìn. Ní báyìí, ẹni tó bá ní ìtàn ń bani lẹ́rù gbọ́dọ̀ fa ọ̀rọ̀ tó fi mọ̀ ọ́n yọ.

Orin tí ẹnì kan nínú yín ní kí n máa fi sí i bí mo bá ń ka ìtàn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ìmọ̀lára orin ni wọ́n ń dá mọ̀, kì í ṣe ti ìtàn.

Ibi tó kù: bí ọmọ inú ìtàn bá ń ṣeré létí odò tó jìn, inú tiẹ̀ ń dùn, àyà òǹkàwé ń já. Méjèèjì yìí ni wọ́n ṣì ń dà pọ̀.